Ibodè Tí Wọ́n Tì Mọ́ Èmi Nìkan

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí, mo ní ẹjọ́ í rò. Wọ́n ní ibodè Nàìjíríà tì. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n ní ó ti ṣí. Wọ́n tún ní ó ṣí fún ènìyàn ṣùgbọ́n ó tì fún ẹrù, àti pé ó ṣí fún ẹrù tó bá ní ìwé, àfi ìrẹsì, tí kò sí ìwé tó lè gbà á là. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọlọ́kadà tó di kẹ́ẹ̀gì epo mọ́ ẹ̀yìn ń kọjá, ẹni tó ń wa mọ́tò onígíláàsì dúdú ń kọjá, ewúrẹ́ pàápàá ń kọjá, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé níbo lò ń lọ. Èmi tí mo wọ agbádá, tí mo mú ìwé ìrìnnà dání, tí mo ti ń kí wọn kú iṣẹ́ kí wọ́n tó rí mi, èmi ni wọ́n ń sọ fún pé, "Bàbá, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná."

Télọ̀ ni mí. Agbègbè Ìdí-Ìrókò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíà, ni mo ti ń rán aṣọ. Ìyàwó mi wá láti Ìṣakété, tó wà ní ilẹ̀ Faransé, ìyẹn orílẹ̀-èdè Benin. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Yorùbá ni bàbá mi. Nígbà tí a fẹ́ra wa, àwọn àgbà ilé méjèèjì tọ ìran wa lọ títí, wọ́n ń wádìí bóyá a ò bá ara wa tan, torí ó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wádìí tán, wọ́n ní kò séwu. Ìjọba ni kò tíì gbà pé kò séwu.

Ta ló sọ wá di àjèjì síra wa? Lọ́dún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sílùú òyìnbó, tí wọ́n pín wa. Kétu, Ṣábẹ̀, Ìṣakété àti Pobè bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó ti ń sin Alákétu, ọba Kétu, láti ìgbà láéláé, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò bi Alákétu léèrè, kò sì sí bí wọn ì bá ṣe bi í: ogun Dàhòmì ti fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n ti kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Àbọ́mè. Onílé ò sí nílé ni wọ́n fi pín ilé. Títí dòní, ìdílé wà nílẹ̀ wa tí ilé wọn ń bẹ ní Nàìjíríà tí oko wọn ń bẹ ní Benin. Bàbá á jí, á fi pákò sẹ́nu, á gbé àdá kọ́ èjìká, á sì di àtìpó aláìníwèé kó tó dé ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún padà di ọmọ onílùú, á wá béèrè oúnjẹ.

Ẹ ó ní, ṣebí ECOWAS wà? Ó wà. Èkó níbí ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ní oṣù Karùn-ún 1975. Ní 1979 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀, tó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìwé méjì péré. Mo ní méjèèjì. Inú ọ̀rá ni mo tọ́jú wọn sí, lábẹ́ ìrọ̀rí, torí mo jẹ́ ẹni tó gba òfin gbọ́. Ìyàwó mi ò gbà á gbọ́. Ibi tí wàhálà ilé wa ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ìyá ìyàwó mi dolóògbé, a ní láti lọ sìnkú. Mo ní ẹnu ibodè la ó gbà, bí ọmọlúàbí. Ìyàwó mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ máa gba ẹnu ibodè yín bọ̀, ẹ ó bá wa níbẹ̀." Ló bá gbé ọmọ sẹ́yìn, ó gbé ìkòkò lé itan, ọ̀kadà sì wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ bámú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà igbó ṣe rí, torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò ò débẹ̀ rí. Àwọn ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n na okùn dí ọ̀nà. Bí o bá ti fún wọn ní tiwọn, wọ́n á sọ okùn sílẹ̀, wọ́n á ní kí o máa rọra. Wọn kì í béèrè ìwé. Iye tí wọ́n ń gbà lánàá náà ni wọ́n ń gbà lónìí. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: wọ́n tún máa ń ní ṣéńjì.

Èmi wá dé ibodè. Mi ò ní sọ ibodè wo ni, mi ò sì ní sọ irú aṣọ tí ọ̀gá tó dá mi dúró wọ̀, torí mo ṣì fẹ́ máa lọ kí àna mi. Abẹ́ tapólì ló jókòó sí, ó da ẹ̀pà sórí ìwé àkọsílẹ̀ tó yẹ kó máa kọ orúkọ wa sí. Ó gba ìwé ìrìnnà mi, ó ṣí i láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ó wo àwòrán, ó wò mí.

"Ẹ̀yin rèé?"

Mo ní èmi ni.

"Ẹ ti dúdú ju báyìí lọ."

Mo ní oòrùn ibi tí wọ́n ní kí n dúró sí láti àárọ̀ ni.

"Yẹ́lò káàdì ńkọ́?" Mo yọ ọ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Èyí ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ó ti kú."

Ẹ gbọ́ o. Láti oṣù Keje 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi òǹtẹ̀ lù ú pé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yìí, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan ti gbà á títí ọjọ́ ayé rẹ̀ nìyẹn. Káàdì rẹ̀ kì í kú mọ́. Ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló kà á fún mi. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo tún mẹ́nu ba oṣù àti ọdún. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ ló ń dúró síbí nínú oòrùn."

Kí ni kí ènìyàn fèsì sí ìyẹn? Mo fi owó omi sílẹ̀. Ẹni tó wà ní tábìlì kejì ní ti òun dà. Ẹni kẹta ò tilẹ̀ ní tábìlì, ó kàn dúró ni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń pè mí ní Dádì. Mo bọ́ sí òdìkejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀, mo kí i ní Yorùbá, ó fi Faransé dá mi lóhùn, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe pé òun ò gbọ́ ohun tí mò ń wí. Kò pẹ́ ni ọmọ kan tó ń ta omi kọlu tábìlì rẹ̀, ó sì fi Yorùbá tó já gaara bú ọmọ náà tìyá-tìyá, tó fi kan ìyá ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo san ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà tán, Yorùbá rẹ̀ tún padà wá. Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn nílé o."

Nígbà tí mo fi máa dé Ìṣakété, ìyàwó mi ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó ti sunkún ìyá rẹ̀ tán, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n ti pín ẹran. Ọrùn adìyẹ ló kù fún ọkọ ọmọ. Àwọn àna mi bi mí pé kí ló dá mi dúró, mo ní mo gba ọ̀nà tó tọ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé pé òkú la wá sin.

Bí a ṣe fẹ́ padà, wọ́n fún wa ní báàgì ìrẹsì kan, a pín in sí méjì kó lè ṣeé gbé: èmi àbọ̀, ìyàwó mi àbọ̀. Mo mọ òfin. Láti 2016 ni ìjọba ti ní kí ìrẹsì òkèèrè má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń da ẹ̀bùn àna padà? Mo gbé e lé èjìká lọ́sàn-án gangan, mo gbà lọ́kàn mi pé ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́ kì í ṣe onífàyàwọ́. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọ̀gá tó gbà á wàásù fún mi pé irú wa ni kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ Nàìjíríà jèrè, pé ṣé mi ò nífẹ̀ẹ́ orílẹ̀-èdè mi ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí mo délé, òórùn ìrẹsì ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ti ìyàwó mi pé pérépéré, kò tilẹ̀ ya.

Ẹ má rò pé àwọn tó wà ní ẹnu ibodè nìkan ni mò ń bínú sí. Àwọn tó wà lókè náà wà nínú ẹjọ́ mi. Ní oṣù Kẹwàá 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon ti Benin pàdé ní Sèmè, wọ́n jọ ṣí ilé ibodè ńlá kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fowó kọ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jọ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan, kí ìrìnnà lè yá. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo dìde, mo jó. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba kan náà ti ibodè orí ilẹ̀ pa, wọ́n ní fàyàwọ́ ìrẹsì àti epo ti pọ̀ jù. Sèmè ò ṣí padà títí di oṣù Kejìlá 2020. Ti Ìdí-Ìrókò tiwa di oṣù Kẹrin 2022. Ẹ ṣírò ìyẹn fún oníṣòwò tó ní ọjà lódìkejì. Gbogbo ìgbà yẹn, ìrẹsì òkèèrè ò wọ́n lójú rárá ní ọjà, owó rẹ̀ nìkan ló wọ́n. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ò fìgbà kan gba ẹnu ilẹ̀kùn rí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti epo. Ní oṣù Kọkànlá 2019, wọ́n pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ fún ilé epo tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ibodè. Òótọ́ ni pé epo wa ń jáde. Ẹni tó bá ti dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ti rí kpayo lẹ́bàá títì, epo Nàìjíríà nínú ìgò, tó ń dán nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n kí ni ti èmi tí mo ń fi jẹnẹrétọ̀ rán aṣọ? Bó bá di ọjọ́ ìbò, ọmọ Nàìjíríà ni mí, wọ́n á gbé àpótí wá bá mi dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá di ọ̀rọ̀ epo, ọmọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà kọkànlélógún. Ọwọ́ àwọn wo la sì wá ń ra epo nígbà náà? Ọwọ́ àwọn onífàyàwọ́ tí wọ́n torí wọn ṣòfin. Àwọn nìkan ló ní epo. Èmi tí mi ò ṣe fàyàwọ́ rí, wọ́n fi òfin sọ mí di oníbàárà wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn asọ̀rọ̀. Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni oníwèé-ìròyìn kan pàtẹ sí, àwọn àgbà tí kì í ra ìwé ìròyìn sì máa ń péjọ síbẹ̀ láràárọ̀ láti kà á. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ àtìpó. Lánlọ́ọ̀dù mi ni olórí àwọn "ẹ tì í pa." Ó ní àwọn ará Tógò àti Benin ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, kí ìjọba kó gbogbo wọn kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀ ilé tó ń gbé yìí, ọmọ Tógò ló tẹ́ táìsì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ wá a kàn ní Badagry, torí, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wí, ọmọ tiwa á gba owó, á tẹ́ ẹ wọ́, á tún bá ọ jà. Ọmọbìnrin tó ń dáná fún un wá láti ẹ̀yìn Àjàṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀wà Àgànyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, epo ń kán sórí ìwé ìròyìn ẹni ẹlẹ́ni. Mo ní, "Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, ṣé kí wọ́n kó ìyá ẹlẹ́wà náà mọ́ wọn?" Ó ronú síwájú, ó ronú sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó tà tán ná.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí àwọn "ẹ ṣí i sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn. Ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wá, pé ìlà òyìnbó ò ní agbára lórí ẹ̀jẹ̀, pé kí á wó gbogbo ibodè. Èmi náà máa ń fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un, àfi tí mo bá rántí pé ọgbà ilé rẹ̀ nìkan ló ní àkúfọ́ ìgò lórí ní gbogbo àdúgbò, ajá méjì sì wà nínú rẹ̀. Ọdún tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ìpókíà pé òun fẹ́ sùn mọ́jú, ẹnu géètì ló ti bá a sọ̀rọ̀. Ìpókíà níbí o.

Ẹnì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ̀ mí létí ni ọmọ tó ń tún fóònù ṣe. Òun ò pariwo. Ó máa ń béèrè pé ìbọn ńkọ́, àwọn ajínigbé ńkọ́, àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń kó kọjá lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù nǹkan wọ̀nyẹn ń ba èmi náà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣọ́ bodè. Àmọ́ ìbọn tí wọ́n fi hàn wá lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Kìíní 2017, 661 ìbọn pọ́ǹpù, láti Tọ́kì ni wọ́n ti kó wọn wá, inú kọ̀ǹténà ni wọ́n wà, èbúté Èkó ni wọ́n gbà wọlé, pẹ̀lú ìwé irọ́. Ṣé wọ́n bi kọ̀ǹténà náà ní yẹ́lò káàdì? Èmi ni wọ́n bi. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ẹni burúkú, kí wọ́n jẹ́ kí ẹni rere tètè kọjá kí ojú wọn lè ráyè. Bí ọ̀nà tó tọ́ bá ń náni lówó ju ọ̀nà igbó lọ, tó tún pẹ́ jù ú lọ, tó sì ní ìwọ̀sí nínú, ta ni yóò gbà á? Ìjọba gan-an ló ń bá àwọn ọmọ olókùn yẹn wá oníbàárà. Kí wọ́n dín tábìlì kù ná, ká tó máa sọ ti odi.

Nígbà tí mo sọ èyí, àwọn "ẹ tì í pa" ní mo ti gba rìbá lọ́wọ́ àwọn àna mi, àwọn "ẹ ṣí i sílẹ̀" ní mò ń gbè sẹ́yìn àwọn aláṣọ ìjọba. Mo padà sídìí máṣíìnì mi.

Ọ̀rọ̀ lílé àjèjì yìí kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀, ilé wa gan-an ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Kùmásí ni bàbá mi ti ṣòwò. Ní oṣù Kọkànlá 1969, Kofi Busia, olórí ìjọba Gáná, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó máa lọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀ffà, ará Ìnísà, tí wọ́n ti bímọ tí ọmọ ti bímọ níbẹ̀, di ẹni tó ń sáré kó ẹrù lóru. Àpótí kan ni bàbá mi gbé bọ̀. Títí tó fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Kùmásí lásìkò oúnjẹ, ó parí, kò ní jẹun mọ́. Gbogbo wa la ń bá a kẹ́dùn.

Àfi bó ṣe di oṣù Kìíní 1983, tí ìjọba Ààrẹ Ṣàgàrí fún àwọn àtìpó aláìníwèé ní ọjọ́ 14 pé kí wọ́n fi Nàìjíríà sílẹ̀. Owó epo ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, àpò ìjọba ti gbẹ, ìdìbò sì ń bọ̀ lọ́dún náà. Wọ́n nílò ẹni tí wọn yóò dá ẹ̀bi rù. Bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn lọ̀rọ̀ kàn, àwọn ará Gáná nínú wọn tó mílíọ̀nù kan. Rawlings, olórí ìjọba Gáná nígbà náà, sì ti ti ibodè Gáná láti 1982, ni wọ́n bá há sí ojú ọ̀nà, wọn ò lè lọ, wọn ò lè bọ̀. Ta ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ nílé wa? Bàbá mi ni. Ó gbé àga síta, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kọjá, ó ń wí pé, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é." Mo ní, "Bàbá, àwọn wọ̀nyí kọ́ ló lé yín." Ó ní kí n lọ pọnmi. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, ará Gáná, wà nínú àwọn tó lọ. Wọn ò rí ẹlòmíràn fi dípò rẹ̀ títí a fi jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé ṣòkòtò tí mo rán fún yín fún jù, ẹ lọ bá ìjọba Ṣàgàrí. Òun náà ò sì pẹ́ lórí oyè lẹ́yìn náà: ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn ni àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1985, Buhari, tó ń ṣèjọba ológun nígbà náà, tún lé àwọn mìíràn. Náírà ò torí ẹ̀ lágbára.

Báàgì ọ̀rá tí wọ́n fi kó ẹrù nígbà náà la sọ ní Ghana Must Go. Mo ní i ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ àwọn tó san àsansílẹ̀ tí wọ́n sì sá ló kún inú rẹ̀. Ní oṣù Keje 2025, àwọn kan gbé páálí jáde ní Accra, wọ́n ní àwọn ọmọ Nàìjíríà ló kàn báyìí, kí wọ́n máa lọ. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn, òfin ti wà níbẹ̀ láti 2013 pé àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ọjà títà gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kó sì gba 20 ọmọ Gáná síṣẹ́. Ẹni tó ń ta àpò fóònù ni wọ́n ń bi ní mílíọ̀nù kan dọ́là! Lánlọ́ọ̀dù mi ka ìròyìn náà, inú bí i. Ó ní irú ìwà wo nìyẹn, ṣé wọn ò mọ̀ pé ECOWAS wà ni?

Ó wá ku àbúrò mi tó wà ní London. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà lọ. Ẹ̀kọ́ parí, físà parí, òun nìkan ni kò parí. Òru ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló ń sùn, bó bá rí ọlọ́pàá, á yà sí ilé ìtajà tí kò ní nǹkan í rà níbẹ̀. Mo máa ń gbàdúrà fún un. Ọdún 2013 tí ìjọba wọn kọ ọ́ sára mọ́tò ńlá kí àwọn aláìníwèé máa lọ sílé, tí wọ́n ń wà á kiri àwọn àdúgbò kan ní London, kò jáde fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún mi lórí fídíò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn àjèjì ti pọ̀ jù níbí o. Inú ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ni wọ́n ń gbà wá láti Faransé. Ìjọba ò le tó." Ó ní Kemi Badenoch ló yé, tó ń darí ẹgbẹ́ Conservative láti 2024, pé ọmọ wa ni, pé ó máa le bó ṣe yẹ.

Mo ní, "Àbúrò mi, tó bá le bó ṣe yẹ, níbo ni ìwọ yóò wà?"

Ó ní ti òun yàtọ̀.

Mo bi í nípa ti Rwanda. Ní oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n kéde pé àwọn yóò máa kó àwọn tó bá ọkọ̀ kéékèèké wọlé lọ sí Rwanda. Nígbà tí ìjọba tuntun fi máa pa á tì ní oṣù Keje 2024, wọ́n ní ó ti ná wọn ní mílíọ̀nù 700 pọ́n-ùn. Ènìyàn mẹ́rin ló lọ, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fínnú-fíndọ̀ lọ ni. Mẹ́rin! Àwọn ọmọ olókùn tiwa ì bá fi ọ̀kadà gbé ẹni mẹ́rin dé Rwanda, wọn ì bá sì fún ìjọba ní ṣéńjì. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tó yẹ Nàìjíríà náà nìyẹn, kí a má fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí a lé gbogbo àwọn Tógò àti Benin yẹn.

Ìyàwó mi tó ń já ewébẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi na ọwọ́, ó gba fóònù. "Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìwé yín ti jáde?"

Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, ohùn wa ń já. Ohùn wa ò já, mò ń gbọ́ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp: kí n bá òun lọ sí kóòtù, kí n búra sí ọjọ́ orí òun, lọ́yà òun ń béèrè ìwé náà kíákíá. Ó ní tí mo bá débẹ̀, kí n wá nǹkan fún akọ̀wé kóòtù kó má bàa pẹ́. Mo bi í pé èló. Ó ní kí n ṣáà san án ná.